Ínáṣíà nínú gíà àti púlì: ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi mí nípa ẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, mọ́tò iná àti gíàbọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní Ìlọrin níbí, wọ́n sì máa ń pè mí lọ sí Ọ̀fà, Àjàṣẹ́ àti apá Òmù-Àrán. Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá ṣáá, látẹnu àwọn ẹlẹ́rọ, látẹnu àwọn ọmọ Poly tó wá ṣe IT (ìkọ́ṣẹ́ tí iléèwé ní kí wọ́n lọ ṣe), látẹnu àwọn dírẹ́bà pàápàá, ni mo bá kúkú kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí. Bí ẹ ò bá ráyè ka gbogbo ẹ̀, ẹ ṣáà ka ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ ìlọ́po lọ́nà ìlọ́po (ìyẹn nọ́ńbà tá a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara ẹ̀), torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń jó mọ́tò wọn.

Kí ni ínáṣíà ìyípo gan-an? Ṣé ìwúwo nǹkan ni?

Rárá, ìwúwo wà níbẹ̀ àmọ́ òun nìkan kọ́. Nǹkan tó bá dúró kì í fẹ́ kí wọ́n yí òun, èyí tó bá sì ti ń yí kì í fẹ́ kí wọ́n dá òun dúró. Bó ṣe ṣòro tó láti yí ìyára ẹ̀ padà, yálà kó yá sí i ni o àbí kó falẹ̀, ìyẹn ni ínáṣíà ìyípo. Ibi tí ìwúwo yẹn wà lára nǹkan ọ̀hún ló ṣe kókó jù. Ẹ mú ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè, ẹ di ibi irin ẹ̀ mú, kẹ́ ẹ wá máa fi igi ẹ̀ síbí sọ́hùn-ún, wẹ́rẹ́ ló máa ń lọ. Ó yá, ẹ yí i padà, ẹ di ìdí igi mú kí irin wà lókè, ẹ tún máa fì í bákan náà, ọrùn ọwọ́ yín fúnra ẹ̀ á sọ fún yín. Ọkọ́ kan náà ni, ìwúwo ẹ̀ ò lé, kò dín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣírò ẹ̀, ẹ mú ègé ìwúwo kọ̀ọ̀kan, ẹ wo bó ṣe jìnnà sí àárín ibi tó ti ń yí, ẹ sọ ìjìnnà yẹn di púpọ̀ pẹ̀lú ara ẹ̀, lẹ́yìn náà pẹ̀lú ìwúwo, kẹ́ ẹ wá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Kg lọ́nà mítà lọ́nà mítà la fi ń wọ̀n ọ́n. Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò tí wọ́n bí ní Switzerland, ló fún nǹkan yìí lórúkọ tá à ń pè é dòní, ìyẹn ní 1765.

Fláíwíìlì méjì (irin róbótó tó wúwo tó máa ń bá ẹ̀rọ yí) wúwo bákan náà lórí ìwọ̀n, ìbú wọn láti etí kan gba àárín dé etí kejì dọ́gba, kí ló dé tí ọ̀kan ń gbé ẹ̀rọ ju ìkejì?

Ẹ wò ó dáadáa, ọ̀kan á jẹ́ irin pẹrẹsẹ tó kún láti àárín dé etí, ìkejì á ní irin púpọ̀ létí pẹ̀lú apá tín-ín-rín láàárín. Ká ní 40 kg ni méjèèjì, tó sì jẹ́ 0.25 mítà láti àárín dé etí. Ti èyí tó kún dọ́gba jẹ́ ½ × 40 × 0.25 × 0.25, ìyẹn 1.25. Èyí tí gbogbo irin ẹ̀ bá wà létí, ẹ yọ ½ yẹn kúrò, 2.5 ni. Ìlọ́po méjì gbáko!

Ohun míì tó máa ń ya àwọn ọmọṣẹ́ lẹ́nu ni pé tẹ́ ẹ bá sọ ìbú púlì di ìlọ́po méjì, tí irin ẹ̀ àti nínípọn ẹ̀ ò yí padà, ínáṣíà ẹ̀ kì í ṣe ìlọ́po méjì, kì í ṣe mẹ́rin, ìlọ́po 16 ni. Ìwúwo ẹ̀ ti di mẹ́rin, ìjìnnà lọ́nà ìjìnnà náà tún ti di mẹ́rin.

Kí ló wá kan gíà nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ibí lọ̀rọ̀ wà. Ká ní gíà eyín 20 wà lórí mọ́tò, ó ń yí gíà eyín 60 tó wà lára ẹ̀rọ. Mọ́tò á yí lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ̀rọ tó yí lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé agbára ìyípo tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ á di ìlọ́po mẹ́ta, ìyára á sì wálẹ̀ sí ìdá mẹ́ta. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ínáṣíà ẹ̀rọ yẹn, tẹ́ ẹ bá dúró níbi mọ́tò tẹ́ ẹ wò ó, kì í ṣe ìdá mẹ́ta, ìdá mẹ́sàn-án ni. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta.

Ẹ má gbà á lẹ́nu mi lásán, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ínáṣíà ẹ̀rọ jẹ́ 0.9. A fẹ́ kí ìyára ẹ̀ máa lé ní 2 rádíánì (ohun tí wọ́n fi ń wọn ìyípo) ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Agbára ìyípo tá a nílò lọ́dọ̀ ẹ̀rọ jẹ́ 0.9 × 2, ìyẹn 1.8. Torí pé gíà ti sọ agbára di ìlọ́po mẹ́ta, 0.6 péré ni mọ́tò máa gbé wá. Ìyẹn ni ìdá mẹ́ta àkọ́kọ́. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń lé ní 2, mọ́tò fúnra ẹ̀ ń lé ní 6, torí òun ló ń yí lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyẹn náà ni ìdá mẹ́ta kejì. Ẹ wá fi 6 pín 0.6, ẹ máa rí 0.1. 0.9 ti di 0.1 lójú mọ́tò.

Tẹ́ ẹ bá wá yí i padà, tẹ́ ẹ dúró lọ́dọ̀ ẹ̀rọ tẹ́ ẹ wo mọ́tò, ṣe ló máa tóbi sí i. Mọ́tò tí ínáṣíà inú ẹ̀ jẹ́ 0.02 péré, lọ́dọ̀ ẹ̀rọ ó ti di 0.18. Nǹkan tó bá wà lórí ṣáàfù (ọ̀pá irin tó ń yí) tó ń sáré jù ni kẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ wò, bó ti wù kó kéré tó.

Ṣé ti bẹ́líìtì àti ṣéènì náà rí bẹ́ẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Dípò kẹ́ ẹ ka eyín, ẹ wọn ìbú púlì. Ṣéènì ọ̀kadà náà ńkọ́, eyín ẹ̀yìn ẹ fi eyín iwájú pín in. Bẹ́líìtì lè yọ̀ díẹ̀ níbi tí gíà ò ti lè yọ̀, ìyẹn nìkan ni ìyàtọ̀ tó kàn wá níbí.

Ẹ̀gbọ́n, mo pààrọ̀ púlì mọ́tò iná mi sí ńlá kí ẹ̀rọ ìlọta lè máa yára, kò pẹ́ tí kọ́ìlì ẹ̀ fi jó. Ẹni tó tún un ṣe ní iná tí wọ́n ń mú wá ni ò dáa. Ṣé lóòótọ́ ni?

Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o, owó kékeré kọ́ ni wọ́n fi ń tún kọ́ìlì wé nísinsìnyí. Iná tí ò ga wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ púlì yẹn ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Púlì yín tẹ́lẹ̀, ká ní 10 cm ni, ti ẹ̀rọ sì jẹ́ 20 cm. Mọ́tò ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ̀rọ tó yí lẹ́ẹ̀kan, torí náà ìdá mẹ́rin ínáṣíà ọlọ ni mọ́tò ń gbé. Ìgbà tẹ́ ẹ fi 20 cm sórí mọ́tò, wọ́n ti dọ́gba, gbogbo ínáṣíà yẹn ti já lé mọ́tò lórí pátápátá. Ìlọ́po mẹ́rin iṣẹ́ ti tẹ́lẹ̀ nìyẹn kó tó dé ìyára ẹ̀, a ò sì tíì sọ ti àgbàdo tẹ́ ẹ fẹ́ lọ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lásìkò tí ẹ tẹ súwíìṣì. Irú mọ́tò iná tá a máa ń lò fún ọlọ, nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra, iná tó ń fà máa ń tó ìlọ́po márùn-ún sí méje èyí tó ń fà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìyẹn ò burú tó bá jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan àbí méjì. Ìwọ̀nba àsìkò díẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣe kọ́ìlì ẹ̀ láti fara dà. Àmọ́ tí ínáṣíà bá ti di mẹ́rin, àsìkò ìgbéra náà á gùn, iná ńlá yẹn á sì máa gba inú wáyà kọjá ní gbogbo àsìkò yẹn, ooru á máa kóra jọ. Ẹ máa ń gbọ́ ọ, ariwo ùùùù tó máa ń pẹ́ kó tó dìde. Kò gbọ́dọ̀ pẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ iná wá wọlé sí nìyí. Agbára tí irú mọ́tò yìí fi ń gbéra máa ń bá fólítéèjì lọ ní ìlọ́po lọ́nà ìlọ́po náà. Tó bá jẹ́ 220 ni wọ́n ṣe é fún, tí iná àdúgbò yín sì wà ní 160, ẹ fi 220 pín 160, ẹ sọ èsì ẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú ara ẹ̀, nǹkan bí 0.53 lẹ máa rí. Ìdajì agbára péré ló kù, tó fẹ́ gbé ìlọ́po mẹ́rin ẹrù. Báwo ni ò ṣe ní jó?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọlọ yára sí i, ẹ gùn ún díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lo 12.5 cm dípò 10, ìyára á fi ìdá mẹ́rin lé, ínáṣíà tí mọ́tò ń rí á di ìlọ́po 1.56. Ìyẹn ṣì ṣe é gbọ́ sétí. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ tú ọwọ́ tí wọ́n fi ń fún ọlọ kí ojú ọlọ méjèèjì má fara kan ara wọn kẹ́ ẹ tó tan mọ́tò, ẹ jẹ́ kó dé ìyára ẹ̀ tán, kẹ́ ẹ tó fún un, kẹ́ ẹ tó da àgbàdo sí i. Ẹ bá mi kọ́ àwọn ọmọ tó ń bá yín dúró ti ẹ̀rọ náà.

Ṣé ínáṣíà ló ń jẹ epo mi?

Níbi tí ẹ̀rọ bá ti ń yí lójú kan, tí ìyára ẹ̀ ò lé tí ò dín, ínáṣíà ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Bíárìn tó ti gbó, ọ́ìlì tó ti ki, bẹ́líìtì tẹ́ ẹ fà le jù, àwọn yẹn ló ń jẹ epo, wọ́n á sì sọ ọ́ di ooru tí ò ní padà. Ínáṣíà ń tọ́jú agbára tẹ́ ẹ fún un ni, ẹ máa rí i gbà padà nígbà tẹ́ ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì tó ṣì ń yí. Àmọ́ ẹni tó bá ń tàn án tó ń pa á ní gbogbo ìgbà, òun á sanwó ínáṣíà dáadáa, torí gbogbo ìgbà tó bá tàn án ló ń tún agbára yẹn rà.

Gíàbọ́ọ̀sì tèmi ní gíà mẹ́rin-márùn-ún nínú. Báwo ni mo ṣe máa ṣírò gbogbo ẹ̀?

Ẹ mú ṣáàfù kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín pé mọ́tò á yí ẹ̀ẹ̀melòó kí eléyìí tó yí lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ńbà yẹn lọ́nà ara ẹ̀ lẹ máa fi pín ínáṣíà gbogbo ohun tó wà lórí ṣáàfù yẹn. Tí ìpele àkọ́kọ́ bá jẹ́ 3, tí ìkejì jẹ́ 4, àwọn gíà orí ṣáàfù àárín ẹ pín wọn sí 9, ti ìparí ẹ pín in sí 144, torí 3 lọ́nà 4 jẹ́ 12, 12 lọ́nà 12 jẹ́ 144. Ẹ wá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ ti mọ́tò.

Gíà kan wà tí wọ́n máa ń fi sáàárín gíà méjì kó lè yí ìdojúkọ padà, kì í mú ìyára pọ̀ kì í mú un dín, àmọ́ ínáṣíà tiẹ̀ wà níbẹ̀ o, ẹ má gbàgbé ẹ̀. Mo rí àwọn kan tí wọ́n lo irin ńlá fún un láìnídìí.

Dírẹ́bà ni mí, Ìlọrin sí Ọ̀fà ni mò ń ná. Wọ́n ní gíà kìíní ló lágbára jù, kí ló wá dé tí ẹ́ńjìnnì á máa ké gan-an tí ọkọ̀ ò sì sáré tó bí ariwo ẹ̀?

Gíà kìíní lágbára lóòótọ́ sà, àmọ́ apá kan agbára yẹn, ẹ́ńjìnnì ń lò ó fún ara ẹ̀ ni. Ká fi nọ́ńbà sí i. Ká ní ínáṣíà àwọn nǹkan tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú fláíwíìlì àti kílọ́ọ̀ṣì, jẹ́ 0.15. Gíà kìíní jẹ́ 3.5, gíà ti ìdí táyà jẹ́ 4, 3.5 lọ́nà 4 jẹ́ 14, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ni ẹ́ńjìnnì ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. 14 lọ́nà 14 jẹ́ 196, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.15, 29.4 ni ínáṣíà ẹ́ńjìnnì lójú táyà. Tí táyà bá jẹ́ 0.3 mítà láti àárín dé ilẹ̀, ẹ pín 29.4 sí 0.3 lọ́nà 0.3, ìyẹn bá ẹrù tó tó 327 kg dọ́gba, bíi pé ẹ kó èrò mẹ́rin tó sanra kún ọkọ̀ tẹ́ ẹ ti ní lọ́wọ́. Ní gíà karùn-ún tó bá jẹ́ 0.8, ìṣirò kan náà á fún yín ní 17 kg péré.

Ìdí náà nìyẹn tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá já gíà lulẹ̀ láti orí ìyára ńlá sí gíà kejì tàbí kìíní, tẹ́ ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lójijì, ọkọ̀ á ja yín síwájú. Táyà ló fẹ́ fipá gbé ẹ́ńjìnnì dé ìyára tó yẹ. Ẹ tẹ epo díẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú kílọ́ọ̀ṣì, ẹ tú u jẹ́jẹ́. Ọjọ́ òjò, kí ilẹ̀ máa yọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, irú ìjá bẹ́ẹ̀ lè yọ táyà kúrò lójú ọ̀nà, èrò sì wà lẹ́yìn yín.

Kí ló dé tí ẹ́ńjìnnì Lister (ẹ́ńjìnnì dísù àtijọ́) fi nílò fláíwíìlì tó tóbi tó báyẹn? Ṣé mo lè yọ ọ̀kan kúrò kó lè fúyẹ́?

Ẹ má yọ ọ́ o. Ẹ́ńjìnnì tó ní sílíńdà kan, tó jẹ́ irú tó ń ṣe ìgbésẹ̀ mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń tì láàárín ìyípo méjì, ìyókù gbogbo, ẹ̀rọ ń fi agbára inú fláíwíìlì rìn ni, títí kan ìgbà tó fẹ́ fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Lister àtijọ́ tí ìyípo ẹ̀ jẹ́ 650 ní ìṣẹ́jú kan, tí fláíwíìlì ẹ̀ bá kéré jù, ṣe ló máa máa jà tìpà tìpà, tí ẹ̀gẹ́ ńlá kan bá sì wọ inú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà ó lè kú síbẹ̀.

Ẹ wo bí àwọn ẹlẹ́rọ ṣe ń tan án. Wọ́n á gbé ọwọ́ tó ń ṣí fáàfù sókè, wọ́n á fi ọwọ́ irin yí i, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ó ń fẹ́ fùù fùù, kò sí ohun tó ń dí i lọ́wọ́, fláíwíìlì ń yára sí i. Ó dé ibì kan, wọ́n á jù ú sílẹ̀, fáàfù á pa, agbára tó ti wà nínú irin yẹn ló máa fipá fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí dísù á fi gbiná. Apá èèyàn nìkan ò lè fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀yin ìyá mi tẹ́ ẹ ń rin ẹ̀gẹ́, èyí tí mò ń bọ̀ wá sọ yìí ló ká mi lára jù. Ẹ padà síbi fláíwíìlì 40 kg tá a ṣírò lókè, èyí tí ínáṣíà ẹ̀ jẹ́ 1.25. Tó bá ń yí ní 650 ní ìṣẹ́jú kan, agbára inú ẹ̀ tó 2,900 joules, ìyẹn tó láti gbé àpò sìmẹ́ǹtì 50 kg sókè tó mítà mẹ́fà kó kù díẹ̀. Ẹ pa epo o, agbára yẹn ò tíì kúrò. Ẹ̀rọ tó dákẹ́ ariwo tó ṣì ń yí fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ lè gé ìka. Ẹ má tọwọ́ bọ inú ẹ̀ láti yọ ẹ̀gẹ́ tó há, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn, àfi tẹ́ ẹ bá fojú ara yín rí i pé ó dúró jẹ́ẹ́.

Mo fẹ́ fi fláíwíìlì kún ẹ̀rọ mi. Ibo ni kí n fi í sí?

Sórí ṣáàfù tó yára jù. Tí ṣáàfù yẹn bá ń yí lẹ́ẹ̀mẹta ju ìkejì lọ, irin kékeré tó wà níbẹ̀ á ṣe iṣẹ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án. Mọ́tò ìṣeré àwọn ọmọdé tí wọ́n ń tà l'Ọ́jà-Ọba, èyí tí wọ́n máa ń fà lórí ilẹ̀ tó sì máa sáré lọ fúnra ẹ̀, fláíwíìlì tí ò ju kọ́bọ̀ lọ ló wà nínú ẹ̀, gíà ló ń mú un yí kíákíá. Àmọ́ kí irin tẹ́ ẹ máa lò jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ìyára yẹn, torí fláíwíìlì tó bá fọ́ lórí eré, ó lè pààyàn.

Gíà mi ń dún kàràkàrà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò bá gbé ẹrù, tí mo bá fún un lẹ́rù ó dákẹ́. Kí ló fà á?

Eyín wọn ti jẹ, àlàfo ti wà láàárín. Ẹ́ńjìnnì sílíńdà kan ò yí lójú kan, ó ń tì ó ń dẹ̀, ínáṣíà ẹ̀rọ tó wà lápá kejì ò sì fẹ́ bá a dẹ̀, ni eyín á bá máa kúrò lára ara wọn, wọ́n á tún padà wá gbá ara wọn. Ẹrù ló ń tẹ̀ wọ́n mọ́ ojú kan. Ọ́ìlì tó ki díẹ̀ á dín ariwo kù, kò ní wò ó sàn.

Ọ̀gá, ọmọ IT ni mí. Ṣé bí gíà bá ṣe ń dín ìyára kù tó ni ẹ̀rọ á ṣe máa tètè gbéra tó?

Ó níbi tó ń dé. Ẹ padà síbi 0.9 ti ẹ̀rọ àti 0.02 ti mọ́tò, ká ní agbára ìyípo mọ́tò jẹ́ 1 Nm (newton-mítà, ohun tá a fi ń wọn agbára ìyípo). Pẹ̀lú gíà 3, ẹ̀rọ á máa lé ní 2.78. Pẹ̀lú 6.7, á máa lé ní 3.73. Tẹ́ ẹ bá tún gbé e dé 15, ó máa padà sí 2.78. Agbára ń lọ sókè ní ìlọ́po, àmọ́ ínáṣíà mọ́tò ń lọ sókè ní ìlọ́po lọ́nà ìlọ́po, ó máa lé e bá. Ibi tó dáa jù ni ibi tí ínáṣíà mọ́tò lójú ẹ̀rọ bá ti dọ́gba pẹ̀lú ti ẹ̀rọ fúnra ẹ̀, ẹ fi 0.02 pín 0.9, ẹ wá rúùtù ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara ẹ̀, èsì yẹn lẹ máa rí. Ẹ ṣe é fúnra yín nínú ìwé, ẹ má da fóònù láàmú.

Mi ò mọ ínáṣíà ẹ̀rọ mi, kò sì sí ìwé kankan tó bá a wá. Báwo ni mo ṣe lè wọ̀n ọ́n?

Okùn kan, ìwúwo kan, rúlà àti aago fóònù ti tó. Ẹ yọ bẹ́líìtì, ẹ wé okùn mọ́ púlì, ẹ so ìwúwo mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ ka àsìkò ẹ̀. Ìṣirò ẹ̀ nìyí: I = m r² (g t² ÷ 2h − 1). m ni ìwúwo, r ni ìdajì ìbú púlì, h ni bó ṣe jìn tó kó tó dé ilẹ̀, t ni àsìkò, g ni 9.81. Ká ní ẹ so 2 kg mọ́ púlì tí r ẹ̀ jẹ́ 0.1 mítà, tó sọ̀ kalẹ̀ mítà 1 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 4, ínáṣíà ẹ̀ jẹ́ 1.55.

Ìfarakínra bíárìn á mú kí nọ́ńbà yẹn tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, torí náà ẹ kọ́kọ́ fi ìṣó so mọ́ okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fọwọ́ tì í díẹ̀ á máa lọ lójú kan láìyára sí i. Ẹ fi àwọn ìṣó yẹn sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ wá so 2 kg yín lé e. Ẹ ṣe é ní bíi ẹ̀ẹ̀márùn-ún kẹ́ ẹ sì mú èyí tó wà láàárín.